Aṣọ Ibùsùn Mẹ́rin

"Mẹ́rin péré? Ṣé ọmọ aláìníyàá ni?"

Ọ̀rẹ́ mi tí a ń pè ní Gbajúmọ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀ nígbà tó bá mi nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. Oyún ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ti pé oṣù mẹ́jọ, wọ́n sì ti kó aṣọ funfun ọ̀pá mẹ́fà lé mi lọ́wọ́. "Àbúrò mi, aṣọ ibùsùn mẹ́rin ni kí o rán fún ọmọ. Nọ́ọ̀sì ní bó bá tọ̀ sí ọ̀kan, ká tẹ́ òmíràn. Wọn ò fẹ́ ìrọ̀rí, wọn ò fẹ́ búláńkẹ́ẹ̀tì tó nípọn."

Mo gbọ́ o, etí mi ò di. Ṣùgbọ́n Gbajúmọ̀ ní gbogbo kíláàsì wa ló ń bọ̀ wá kí ọmọ. Èmi tí mo ti fọ́nnu pé n ò lẹ́gbẹ́ nídìí ẹ̀rọ, ojú wo ni n ó fi wò wọ́n pẹ̀lú aṣọ pẹlẹbẹ mẹ́rin? Mo bá ki sísọ́ọ̀sì bọ aṣọ. Mo rán ìrọ̀rí márùn-ún, mo fi léèsì sí etí gbogbo wọn. Mo rán tìmùtìmù yí ibùsùn ká. Mo wá gé ìyókù sí wẹ́wẹ́, mo fi rán búláńkẹ́ẹ̀tì kan tó nípọn bí ìwé atúmọ̀ èdè. Mo ní màá wá aṣọ mìíràn rán mẹ́rin tí wọ́n ní kí n rán kí oṣù kan tó pé.

Ọmọ ò dúró dè mí. Ọ̀sẹ̀ kejì ló dé.

Lọ́sàn-án ọjọ́ tí wọ́n gbé e wálé, nọ́ọ̀sì bá wọn wá. Wọ́n wo ibùsùn ọmọ, wọ́n wò mí. "Níbo lọmọ fẹ́ sùn nínú ọjà yìí? Àwọn nǹkan wọ̀nyí lè bò ó nímú, kò ní lè mí!" Wọ́n kó gbogbo ẹ̀ sílẹ̀, ó ku fóòmù lásán. "Ó yá, aṣọ ibùsùn dà?"

"Ó wà lọ́dọ̀ alágbàfọ̀, mà." Irọ́ funfun báláú!

"Sáré lọ gbé e wá," ni ẹ̀gbọ́n mi wí.

Mo dé ẹ̀yìnkùlé, mo dúró. Ta ni mo fẹ́ lọ bá? Mo tú búláńkẹ́ẹ̀tì tí mo gbé dání jáde wò. Gbogbo ẹ̀ ti di ègé tí ò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Aṣọ tí wọ́n fi wé ọmọ wálé ti rin fún ìtọ̀, igbe rẹ̀ sì ń jáde lójú fèrèsé. Bí mo bá wọlé, ìtìjú. Bí n ò bá wọlé, ọmọ ń ké. Ẹ̀rù bà mí gan-an. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan lòtítọ́ ń bá a. Tèmi ò tilẹ̀ pé wákàtí kan.

Mo wọlé, mo kúnlẹ̀. "Àǹtí, ẹ dákun, irọ́ ni mo pa. Mo ti gé gbogbo aṣọ náà."

Ẹ̀gbọ́n mi ò bú mi. Ì bá sàn kí wọ́n bú mi. Wọ́n di ìbàdí mú, wọ́n rọra sọ̀ kalẹ̀ lórí ibùsùn wọn, wọ́n ṣí aṣọ tí àwọn fúnra wọn ń sùn lé, ẹyọ kan ṣoṣo tó gbẹ nínú ilé.

"Gé e sí mẹ́rin."

Mo rán an tomijétomijé. Ọmọ sùn. Ìyá rẹ̀, tí ara ń ro, dùbúlẹ̀ sórí fóòmù lásán, wọ́n ń làágùn.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ohun tí ọmọ nílò ni wọ́n ní kí n rán, ohun tí ayé máa wò ni mo rán. Ẹni tó bá ń ṣe nǹkan nítorí ojú ayé, ẹlòmíràn ló máa ń jìyà rẹ̀.