Onígbọ̀wọ́ Tí Kò Yọ Orúkọ Rẹ̀

Ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹta, ọdún 1999, ní kùtùkùtù, nígbà tí omi òkun ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fà sẹ́yìn kúrò lára àwọn òpó ilé, ni ìkórìíra wọ inú Kọ́lájọ, ọmọ ìlú Abereke ní ilẹ̀ Ìlàjẹ, tí ó sì fi ibẹ̀ ṣe ilé. Kí ọjọ́ náà tó dé, apẹja lásán ni. Ó ń mutí díẹ̀, ó ń búra púpọ̀, ṣùgbọ́n kò bá ẹnikẹ́ni ṣe ọ̀tá. Ní àárọ̀ ọjọ́ náà ni àwọn ọkọ̀ kan já wọlé láti òdìkejì omi. Wọ́n dáná sun ibùdó àwọn apẹja tí Ọmọ́yẹlé, àbúrò rẹ̀, ń gbé. Ọmọ́yẹlé kò sì jáde.

A kò ní í jiyàn níhìn-ín lórí ẹni tí ó kọ́kọ́ ṣẹ ẹnìkejì rẹ̀ nínú ìjà Ìlàjẹ àti àwọn ará òdìkejì omi. Ìhà méjèèjì ni ó ní òkú tirẹ̀. Ìhà méjèèjì ni ó sì ní ẹ̀bi tirẹ̀. Iṣẹ́ tí ẹ̀ṣẹ̀ ṣe nínú ọkàn ọkùnrin kan ṣoṣo ni a fẹ́ sọ.

Kọ́lájọ kò sunkún. Ó lọ gba oǹdè ayẹta, ó so ó mọ́ ìbàdí, ó sì búra pé òun kò ní í sinmi títí ìyá kan lọ́hùn-ún yóò fi sunkún bí ìyá òun ti sunkún. Láti ọjọ́ náà, oúnjẹ kò dùn lẹ́nu rẹ̀ mọ́, oorun rẹ̀ sì di ti ajá, a máa lajú bí ewé bá já.

Nínú oṣù kẹfà, àwọn ṣọ́jà tí ìjọba fi ṣọ́ omi ká àdá àti bẹntiróò mọ́ ọn lábẹ́ àwọ̀n, wọ́n sì gbé e lọ sí kọ́ọ̀tù. Ta ni yóò ṣe onígbọ̀wọ́ irú èèyàn bẹ́ẹ̀? Àwọn mọ̀lẹ́bí rẹ̀ ń wo ilẹ̀. Ọlọ́rundáre ni ó dìde. Onígbàgbọ́ ni, ó ń tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ṣe ní Ugbonla. Òun àti Kọ́lájọ ni wọ́n jọ kọ́ ìwẹ̀ ní ọmọdé. Adájọ́ kìlọ̀ fún un pé bí Kọ́lájọ bá tún kó ohun ìjà jọ kí ọjọ́ ẹjọ́ tó pé, Ọlọ́rundáre fúnra rẹ̀ ni wọn yóò tì mọ́lé ní ipò rẹ̀. Ọlọ́rundáre ní òun gbọ́, ó sì fi ọwọ́ sí i.

Nígbà tí wọ́n jáde, Kọ́lájọ gbá a léjìká. "Ọ̀rẹ́, o ṣeun. Ọlọ́run rẹ á kúkú san án fún ọ. Èmi ò ní nǹkan kan!" Ó rẹ́rìn-ín. Nínú ọkàn rẹ̀, ó ń wí pé Ọlọ́rundáre kì í ṣe ọmọdé, ọwọ́ ara rẹ̀ ni ó fi ti ọrùn bọ okùn. Kí oṣù kẹjọ tó dé ìdajì, òun àti Ọlámijùwọ́n, tí ó jẹ́ olórí àwọn ọ̀dọ́ tí inú ń bí, ti dájọ́ ìgbẹ̀san. Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n mú.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ náà gan-an, Ọlọ́rundáre wá bá a. Ó ní àwọn olùkọ́ mélòó kan tí wọ́n ti òkè, ní ilẹ̀ gbígbẹ, wá fẹ́ lọ wo oko ẹlẹ́wọ̀n àtijọ́ ní Erékùṣù Ọ̀pẹ, kí Kọ́lájọ bá àwọn lọ.

"Ẹ̀wọ̀n ni kí n lọ wò?" ni Kọ́lájọ wí. "Ẹni tí ẹ̀wọ̀n ń wá kiri, ṣé òun náà ni yóò tún múra lọ kí i nílé?"

Ṣùgbọ́n ó rántí pé ẹ̀yìn erékùṣù náà ni ọ̀nà omi tí ó lọ sí òdìkejì wà. Ó fẹ́ fi ojú ara rẹ̀ wo bí ibẹ̀ ti jìn tó kí ọjọ́ Ẹtì tó pé. Ó wọ ẹ̀wù rere, ó sì bá wọn lọ. Bẹ́ẹ̀ ni ènìyàn ti í fi aṣọ mímọ́ bo èrò dúdú.

Obìnrin kan tí ń jẹ́ Rhoda ni ó mú wọn káàkiri. Bàbá rẹ̀ ti ṣe wọ́dà níbẹ̀ láyé òyìnbó. Ìpẹtà ti jẹ páànù àwọn ilé gbọọrọ náà, igbó sì ti bo ebè ẹ̀gẹ́, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá wò ó dáadáa yóò ṣì rí ìlà àwọn ebè náà.

Mabel, ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́, wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, odi ẹ̀wọ̀n náà dà?"

"Kò ní odi," ni Rhoda dáhùn. "Àwọn tí ẹ̀wọ̀n wọn kù díẹ̀ ni wọ́n ń kó wá síbí láti dáko. Omi tí ó yí wa ká yìí ni òyìnbó fi ṣe odi."

Kọ́lájọ bú sẹ́rìn-ín. "Omi kẹ̀? Ẹ̀yin ará òkè ni omi ń sé mọ́lé. Ọmọ Ìlàjẹ ńkọ́? Omi ni ọ̀nà tiwa; ẹ kúkú sọ pé títì ọlọ́dà ni wọ́n fi dè mí mọ́lẹ̀!"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, Rhoda náà sì rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n, òótọ́ lẹ sọ. Ohun tí ó dà wọ́n láàmú nìyẹn. Nínú àwọn ẹlẹ́wọ̀n, àwọn ọmọ Ìlàjẹ nìkan ni wọ́n lè tukọ̀ kó ẹ̀gẹ́ lọ sí ọjà, àwọn náà ni wọ́n sì lè sá lọ. Ẹ wá wo ohun tí wọ́n ṣe sí i."

Ó mú wọn lọ sí ibi ìgúnlẹ̀ ọkọ̀. Òpó igi líle kan dúró níbẹ̀, àwọn ènìyàn sì ti fi ẹ̀yìn ti ìdí rẹ̀ títí igi náà fi jẹ wọnú. Rhoda ṣàlàyé pé kí ọmọ Ìlàjẹ kan tó lè gbé àjẹ̀, ẹlẹ́wọ̀n ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan ní láti gbà láti jókòó sí ìdí òpó náà. Kò gbọdọ̀ jẹun, kò gbọdọ̀ kúrò, títí ọkọ̀ yóò fi padà. Bí ọkọ̀ kò bá padà, ẹni tí ó jókòó ni yóò ṣe ìyókù ẹ̀wọ̀n ẹni tí ó sá, nínú ẹ̀wọ̀n olódi.

Mabel yọ kámẹ́rà. Kọ́lájọ sáré jókòó sí ìdí òpó, ó ká ẹsẹ̀ kò. "Àǹtí, ẹ yà mí dáadáa o! Ẹ rí i pé eyín mi hàn." Nígbà tí wọ́n yà á tán, ó bi Rhoda pé, "Ṣé ẹnì kan tiẹ̀ sá?"

"Ẹnì kan ṣoṣo."

"Ọlọ́gbọ́n nìyẹn!"

"Ẹni tí ó jókòó fún un ńkọ́?" Ọlọ́rundáre ni ó béèrè.

Rhoda kọjú sí omi. "Bàbá mi wà níbẹ̀. Ilẹ̀ ṣú, ọkọ̀ kò dé. Ilẹ̀ mọ́, kò dé. Wọ́n ní kí ọkùnrin náà dìde, ó bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fún òun ní àyè díẹ̀ sí i, pé bóyá afẹ́fẹ́ ni ó dá ẹnìkejì òun dúró. Nígbà tí wọ́n ń mú un lọ, ó ṣì ń bojú wo omi. Inú ẹ̀wọ̀n olódi ni ó kú sí."

"Òmùgọ̀ pátápátá!" ni Kọ́lájọ wí.

"Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀," ni Rhoda dáhùn. "Ṣùgbọ́n bàbá mi kò pè é bẹ́ẹ̀ títí ó fi kú."

Ó kó àwọn olùkọ́ lọ wo ilé ìdáná. Kọ́lájọ dìde, ó ń fi ojú wọn ọ̀nà omi ẹ̀yìn erékùṣù. Ọlọ́rundáre rọra jókòó sí ibi tí ó ti dìde.

"Kọ́lájọ, ọjọ́ Ẹtì ni, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?"

"Ọjọ́ Ẹtì kí ni?"

"Mo rí kẹ́ẹ̀gì bẹntiróò tí ẹ kó sí abẹ́ ààrò ìyá rẹ. Obìnrin tí ń yan ẹja lójoojúmọ́ kò dáná láti ọjọ́ Àìkú. Mo bi ara mi pé kí ló dé."

Ọwọ́ Kọ́lájọ lọ sí ìdí ọ̀bẹ rẹ̀. Kò sí ẹlòmíràn nítòsí. "Ta ni o sọ fún?"

"N kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n bí ìwọ kò bá tilẹ̀ lọ, Ọlámijùwọ́n yóò lọ, àwọn ọmọdé sì ń sùn lọ́hùn-ún. Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, n óò lọ sọ fún àwọn ṣọ́jà."

"Wọn óò tì ọ́ mọ́lé! Ìwọ ni o dúró fún mi!"

"Mo mọ̀. Mo ti sọ fún ìyàwó mi."

"Kí ló dé tí o kò fi lọ yọ orúkọ rẹ kúrò láti ọjọ́ tí o ti mọ̀?"

"Bí mo bá ti yọ ọ́, ojú ẹsẹ̀ ni wọn ìbá ti gbé ọ. Mo fẹ́ kí o rí àyè ronú."

"Orí rẹ pé báyìí?"

"Orí mi pé. Ẹ̀rù ni ó ń bà mí." Síbẹ̀, kò dìde. "Kọ́lájọ, bí wọ́n bá tì mí, n óò jáde lọ́jọ́ kan. Ẹni tí ó dúró fún ọ níwájú Ọlọ́run, wọ́n ti mú un ná, wọ́n sì ti pa á. Jésù ni mo ń wí. Ó mọ̀ pé o kò ní í padà, síbẹ̀ ó jókòó. Ìwọ sì ń tukọ̀ lọ, o ń pe ara rẹ ní ọlọ́gbọ́n."

"Ẹ̀ṣẹ̀ wo ni mo ṣẹ̀? Èmi ni wọ́n ṣẹ̀!"

"Wọ́n ṣẹ̀ ọ́. Èmi náà wà níbi tí a ti sin Ọmọ́yẹlé. Ṣùgbọ́n ibi tí o ń lọ yìí, ìwọ ni wọn óò máa sọ ìtàn rẹ̀ bí ẹni tí ó ṣẹ̀ wọ́n."

Ọwọ́ Kọ́lájọ kúrò ní ìdí ọ̀bẹ, ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí pé inú rẹ̀ rọ̀. Ó kàn dàbí ẹni tí agbára fi sílẹ̀ lójijì ni. Ó bá wọn wọ ọkọ̀ padà sílé.

Ní Ọjọ́rú, Ọlámijùwọ́n yọjú. "Ọ̀gá, ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ tí a fẹ́ lò lọ́jọ́ Ẹtì ńkọ́? Àbí ìrìn àjò afẹ́ ti sọ yín di àlejò? Wọ́n ní ẹ ya fọ́tò!" Kọ́lájọ ní kí ó máa lọ. Nígbà tí ó lọ tán, ìyá Kọ́lájọ jáde, ó gbé agbọ̀n ẹja dání.

"Ọmọ mi, ṣé n lè dáná báyìí? Ẹja ń bàjẹ́."

"Màmá, ẹ ní sùúrù di ọjọ́ Àbámẹ́ta."

Màmá gbé agbọ̀n náà kalẹ̀. "Mo mọ ohun tí ó wà lábẹ́ ààrò mi. Iná ti jó ọmọ kan mọ́ mi lọ́wọ́. Jọ̀wọ́, má ṣe fi ààrò mi dáná sun ọmọ obìnrin mìíràn."

Ọ̀rọ̀ yìí wọ inú egungun rẹ̀. Oògùn ayẹta tí ó so mọ́ ìbàdí kò lè bá a dá a padà. Ní òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀, ó wólẹ̀ lórí pákó ilé, ibi tí omi ti ń hó lábẹ́ rẹ̀. Ó já oǹdè náà sọnù. Kò mọ àdúrà gígùn. Ohun tí ó wí kò ju èyí lọ: "Jésù Olúwa, ìwọ ni o jókòó fún mi, èmi ni mo sá. Mo padà dé. Gbà mí." Nígbà náà ni ó tó sunkún Ọmọ́yẹlé. Ó sunkún títí ohùn rẹ̀ fi há, ìyá rẹ̀ sì jókòó tì í.

Ìwọ tí ń ka ìwé yìí, má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ Kọ́lájọ nìkan ni mo ń sọ. Bóyá ìwọ kò gbé àdá rí. Ta ni o kọ̀ láti dárí jì? Ẹ̀ṣẹ̀ wo ni o bò mọ́lẹ̀ nínú ilé, tí àwọn ará ilé rẹ kò fi lè dáná? Kò sí odi tí ó yí ọ ká. O ń lọ, o ń bọ̀, o sì rò pé o wà lómìnira. Mo sọ fún ọ láìfi bò pé ẹlẹ́wọ̀n ni ọ́, àti pé Ẹnì kan ti kú nítorí rẹ. Má ṣe sọ pé o ṣì kéré, má sì ṣe sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ rẹ ti pọ̀ jù. Ẹni tí ó jí dìde kúrò nínú òkú ń retí rẹ. Ìrònúpìwàdà kì í ṣe omijé nìkan; dídìde ni, pípadà sì ni. Àyè tí a fún ọ ní òpin. Kúnlẹ̀ níbi tí o wà yìí, lónìí, kí o sì jẹ́wọ́ fún un.

Kọ́lájọ dìde. Ó mọ̀ pé àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ yóò pè é ní ọ̀dàlẹ̀, pé adájọ́ lè má ṣàánú rẹ̀, pé ìyá rẹ̀ lè má ní ọmọkùnrin kankan nílé fún ìgbà pípẹ́. Kò dúró kí ìrọ̀lẹ́ tó dé. Ó tukọ̀ lọ sí àgọ́ àwọn ṣọ́jà, ó sọ gbogbo ète ọjọ́ Ẹtì fún wọn, ó sì na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì síwájú.

"Ẹ yọ orúkọ Ọlọ́rundáre kúrò," ni ó wí. "Èmi fúnra mi ni kí ẹ tì mọ́lé."