Imú La Fi Ń Gbọ́ Gáàsì

Omi kì í ka ọjọ́ orí ẹnikẹ́ni. Bí Màmá bá ti sọ̀ kalẹ̀ sínú adágún ìlúwẹ̀ẹ́ tó wà lẹ́yìn ilé ọmọ rẹ̀, ẹsẹ̀ tí àrùn oríkèé ti so mọ́lẹ̀ á tú, á fúyẹ́ bí ìyẹ́ ẹyẹ. Oòrùn àárọ̀ á máa jó lójú omi, Màmá á máa jó nínú rẹ̀, á sì máa kọ orin tó dá fúnra rẹ̀:

"Gbé mi, omi, gbé mi jẹ́jẹ́,
Ilẹ̀ ló mọ̀ mí lárúgbó,
Omi ò mọ̀ mí lárúgbó o."

Ṣùgbọ́n omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni dókítà ní kó máa wọ̀. Bó bá tutù, oríkèé á tún gan. Láàárọ̀ ọjọ́ yìí, Màmá tọwọ́ bọ omi, ó tutù bí imú ajá.

"Ọkọ ọmọ mi o! Omi yìí ò tíì jí lójú oorun!"

Ọkọ ọmọ rẹ̀ jáde. Mo-Lè-Ṣe-É ni àdúgbò ń pè é, torí kò sóhun tó bàjẹ́ tí kì í sọ pé òun lè ṣe. Ó bẹ̀rẹ̀ níwájú ẹ̀rọ amómigbóná tó wà létí adágún, ó ṣí gáàsì, ó tẹ bọ́tìnnì tó ń ṣáná. Ṣá! Kò ràn. Ó tún tẹ̀ ẹ́, ó tún tẹ̀ ẹ́. Pàbó.

"Ẹ fọkàn balẹ̀, Màmá. Mo lè ṣe é."

"Mo mọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà lo wí fún fáànù mi, adìẹ ló ń sùn lórí ẹ̀ báyìí."

Ó rẹ́rìn-ín, ó pe obìnrin tó ń tún ẹ̀rọ náà ṣe lórí fóònù.

"Ọ̀gá, ṣé gáàsì ṣì wà nínú sílíńdà?"

"Ó kún."

"Asẹ́ omi ńkọ́, kò dí?"

"Àná ni mo fọ̀ ọ́."

"Ṣé ẹ ò gbọ́ gáàsì níbẹ̀?"

Mo-Lè-Ṣe-É fi etí lé ara ẹ̀rọ. Ibẹ̀ pa rọ́rọ́. Ọ̀fìnkìn sì ti dí i nímú láti ìjẹta.

"Rárá o, mi ò gbọ́ nǹkan kan."

"Ó dáa, ẹ má fọwọ́ kàn án mọ́. Mo ń bọ̀."

Ó ki fóònù bọ àpò. "Torí iná kékeré yìí ni ká ṣe máa dúró de èèyàn?" Ló bá fa ìṣáná yọ.

Màmá wà lórí àpótí kékeré létí omi, ó ń wo bí ìkùukùu ṣe ń léfòó nínú adágún. Etí rẹ̀ ti wúwo, kò gbọ́ ìdajì ohun tí wọ́n sọ. Àmọ́ nǹkan kan rọra ń rá bọ̀ nílẹ̀ẹ́lẹ̀ bí ìrì, ó dé imú rẹ̀.

"Má ṣá a! Mo gbọ́ ọ!"

"Ẹ gbọ́ kí ni, Màmá? Ẹ̀yin tí mo ń pariwo kẹ́ ẹ tó gbọ́ 'ẹ káàárọ̀'?"

"Èmi adití gbọ́, ìwọ elétí ò gbọ́! Imú ni mo fi gbọ́ ọ! Ó ń rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́!"

Ìgbà yẹn ló tó yé e, ohun tí obìnrin náà ń bi í. Ìṣáná bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó pa ẹnu sílíńdà, ó gbé ìyá ìyàwó rẹ̀ pọ̀n, ó di ẹnu ọ̀nà ìta.

Nígbà tí obìnrin náà dé, atẹ́gùn ti gbá gáàsì lọ. Ó tú ẹ̀rọ, ó fa òwú aláǹtakùn yọ lẹ́nu ihò tóóró tí iná ti ń jáde.

"Èyí ló dínà, ni gáàsì bá ń gba ẹ̀gbẹ́ jò jáde. Gáàsì inú sílíńdà wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ló ń rá sí. Gbogbo bẹ́ ẹ ṣe ń tẹ bọ́tìnnì, ṣe ló ń kóra jọ. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tẹ́ ẹ bá ṣáná..."

Òwú funfun náà ń mì lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń dán nínú oòrùn bí ohun tí èèyàn rí lójú àlá. Màmá di ọwọ́ ọkọ ọmọ rẹ̀ mú.

Ẹ̀yin èèyàn wa, bí ẹ̀rọ gáàsì bá kọ̀ tí kò tàn, ẹ wò ó bóyá gáàsì ti tán tàbí asẹ́ ti dí. Bí kì í bá ṣe ọ̀kankan nínú méjèèjì, ẹ má tẹ̀ ẹ́ léraléra, ẹ má ṣáná sí i láéláé. Ẹ fi imú gbọ́ ọ nílẹ̀ẹ́lẹ̀. Bí ọ̀fìnkìn bá ń ṣe yín, ẹ pe ẹlòmíì kó bá yín gbọ́ ọ. Bó bá ń rùn, ẹ pa sílíńdà, ẹ má tan iná mànàmáná, ẹ má sì pa á, ẹ jìnnà síbẹ̀ kẹ́ ẹ tó pe oníṣẹ́. Omi tó tutù lónìí lè gbóná lọ́la. Ẹni tó bá jóná lónìí, ọ̀la wo ni yóò fi lúwẹ̀ẹ́?