Nabra Ń Bi Fóònù Léèrè Làálì Dúdú

Ọ̀tunla ni wọ́n máa lé làálì ìgbéyàwó fún Nabra, ayọ̀ ò sì jẹ́ kí oúnjẹ wọlé. Awad àyànfẹ́ rẹ̀ ti dé láti Kùwéètì. Ọdún méjì gbáko ni wọ́n fi fẹ́ra lórí fóònù. Ní báyìí wọ́n á di ọwọ́ ara wọn mú.

Ọwọ́ yẹn gan-an ni Nabra ń wò lágbàlá ilé wọn ní Aswan. Obìnrin tó máa lé làálì ti gbé ike làálì dúdú kan sílẹ̀ fún un. Ó ní wákàtí kan péré, ọwọ́ á dúdú mìnìjọ̀. Ṣùgbọ́n Nabra ti gbọ́ fìrí pé ó ń jó èèyàn lára, ló bá mú fóònù.

Wisal, ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀, jókòó tì í pẹ̀lú ìwé àti bírò. Bí èèyàn ṣe ń wá ìmọ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ló ń kọ́ ní yunifásítì. Ó ti wo èèyàn mọ́kànlá. Nabra ni ìkejìlá. Òfin iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kó máa wò, kó máa kọ, kó má sọ̀rọ̀.

Nabra tẹ̀ ẹ́ sínú fóònù: "Àǹfààní làálì dúdú fún ìyàwó."

Ìyìn rọ́ dé. Èyí tó wà lókè pátápátá ló ṣí.

"Àǹtí Wisal, wọ́n ní ó ń mú ara jọ̀lọ̀! Awad á kú fún mi!"

Wisal fi eyín tẹ bírò.

"Àbí wọ́n rán yín lẹ́nu ni?" Nabra ṣí ike, ó na ìka sí i.

Wisal ju bírò nù. "Gbé ọwọ́ ẹ kúrò níbẹ̀!"

"Ẹ̀yin tí ẹ ò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀?"

"Kí ìwé mi bàjẹ́ sàn ju kí ọwọ́ ẹ bàjẹ́. Àǹfààní lo ní kó wá, àǹfààní ló kó wá. Iṣẹ́ tí a bá rán fóònù ló ń jẹ́. Kò mọ òótọ́ yàtọ̀ sí irọ́. Kí ni wọ́n kọ sókè níbí?"

"Ìpolówó."

"Ta ló kọ ọ́?"

"Ẹni tó ń... Háà! Ẹni tó ń tà á ni!"

"Ta ni í pe ọbẹ̀ ara rẹ̀ ní kíkan? Tún un bi: kí ló wà nínú làálì dúdú, kí ló sì ń ṣe fún awọ ara?"

Lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ àwọn oníṣègùn jáde: aró irun ni wọ́n máa ń pò mọ́ ọn. Ó lè mú kí ara lé ròrò, kó sì dá àpá. Wọ́n pe apòògùn àdúgbò. Ohun kan náà ló sọ.

Omi lé ròrò sójú Nabra. "Awad fẹ́ràn dúdú."

"O bi í ni, àbí o rò ó ni?"

Nabra pè é. Ẹ̀rín pa Awad. "Nabra mi, ṣé làálì ni mo torí ẹ̀ wá láti Kùwéètì? Ọwọ́ ẹ ni mo wá mú!"

Ewé làálì gidi ni wọ́n lé fún un. Ó pẹ́ kó tó mú, ṣùgbọ́n ó pọ́n bíi dàbínù tó gbó. Awad di ọwọ́ náà mú títí oúnjẹ fi tutù. Wisal fa ojú-ìwé kejìlá ya, ó ń rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀yin ará wa, ẹ má fi ìdáhùn tí ọkàn yín ń fẹ́ sínú ìbéèrè. Ẹ wo ẹni tó kọ ohun tí ẹ ń kà, àti ohun tó ń tà. Tó bá kan ara yín, ẹ bi oníṣègùn kí ẹ tó fi kan ara. Tó bá sì jẹ́ ọkàn olólùfẹ́ lẹ fẹ́ mọ̀, òun fúnra rẹ̀ ni kí ẹ bi.