Àlejò Tí Kò Ní Díìsìkì

Ẹ̀rọ kan tí wọ́n ti pa rẹ́ pátápátá jí ní ilé ìwòsàn kan lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, ó sì gbìyànjú láti wọlé lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Òótọ́ ni. Ẹni méjì ló wà nínú yàrá tí ẹ̀rọ náà wà. Mo bi wọ́n léèrè lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ọ̀rọ̀ wọn ò takora.

Obìnrin tó ń tọ́jú kọ̀ǹpútà ibẹ̀ ni ẹni àkọ́kọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ló wà lẹ́nu iṣẹ́ náà ṣáájú rẹ̀, òun ló sì kọ́ ọ. Ẹ̀gbọ́n yìí kú lójijì, ó ku oṣù mẹ́ta kí nǹkan yìí tó ṣẹlẹ̀. Òfin ilé ìwòsàn ni pé lọ́jọ́ tí òṣìṣẹ́ bá lọ, ọjọ́ náà ni kí wọ́n ti orúkọ ìwọlé rẹ̀, orúkọ tó fi ń wọ kọ̀ǹpútà, pa. Àbúrò nìkan ló mọ̀ ọ́n ṣe. Wọn ò tíì sin òkú tó fi jókòó, tó tì í.

"Mo rò pé bí mo bá ń ṣiṣẹ́, mi ò ní sunkún," ó sọ fún mi.

Kọ̀ǹpútà ńlá kan ṣoṣo ló wà nínú yàrá náà. Ètò kan wà nínú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní onílé. Onílé ló ń gba àwọn ẹ̀rọ mìíràn lálejò, àwọn ẹ̀rọ tí kò ní ara tiwọn. Mẹ́rin ni wọ́n: ti oògùn, ti àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, ti ìwé aláìsàn, ti àwòrán egungun. Ẹ̀karùn-ún ti wà rí, èyí tí ẹ̀gbọ́n fi ń dánra wò. Àbúrò ti pa ìyẹn náà rẹ́.

Kí àlejò kan tó lè jí, ó gbọ́dọ̀ ní díìsìkì tirẹ̀, ìyẹn ibi ìpamọ́ iṣẹ́ rẹ̀, ó gbọ́dọ̀ ní ààyè nínú mẹ́mórì, ó sì gbọ́dọ̀ mú kọ́kọ́rọ́ tí onílé mọ̀ lọ́wọ́. Bí ọ̀kan bá dín, kò ní jí. Wọ́n sì ń tò ni. Bí ti iwájú ò bá tíì jí tán, ti ẹ̀yìn á máa dúró.

Lọ́jọ́ Àìkú náà, wọ́n pa ẹ̀rọ kí oníná lè pààrọ̀ wáyà kan. Oníná yìí ni ẹni kejì, bàbá kan tí ìfẹ̀yìntì rẹ̀ ò jìnnà mọ́. Àṣà tí ẹ̀gbọ́n fi lélẹ̀ ni pé bí wọ́n bá ń tan ẹ̀rọ padà, ẹnì kan á máa ka orúkọ àwọn àlejò sókè, ẹnì kejì á máa fàmì sí ìwé. Oníná mú bírò.

"Ẹ̀gbọ́n ẹ ti fi mí ṣe akọ̀wé rí," ó ní. "Títí dòní, n ò rí lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́."

"Ẹ ṣáà máa kọ, bàbá."

Obìnrin náà tẹ bọ́tìnnì. Fáànù inú ẹ̀rọ hó, ó sì rọlẹ̀. Onílé jí.

"Àlejò mélòó?" oníná bi í.

Obìnrin náà tẹjú mọ́ ojú ẹ̀rọ.

"Ọmọ mi, mélòó?"

"Márùn-ún."

"Ṣebí mẹ́rin lo sọ."

"Mo mọ̀."

Èyí tó ti pa rẹ́ ló ṣáájú gbogbo wọn. Díìsìkì: kò sí. Mẹ́mórì: òdo. Kọ́kọ́rọ́: kò sí. Síbẹ̀ ó ń jí.

Obìnrin náà ṣí ojú àlejò yìí wò lórí kọ̀ǹpútà. Dúdú ni. Lẹ́yìn náà, àyè orúkọ ìwọlé yọ. Lẹ́tà sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ibẹ̀, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọwọ́ obìnrin náà wà lórí itan rẹ̀. Oníná rí i.

Ìka kan ni ẹ̀gbọ́n fi ń tẹ̀wé láyé rẹ̀. Á tẹ lẹ́tà méjì, á ṣì í tẹ̀, á pa á rẹ́, á tún un tẹ̀. Lẹ́tà méjì yọ. Wọ́n parẹ́. Wọ́n tún yọ. Orúkọ ẹ̀gbọ́n pé.

Ẹ̀rọ dáhùn: orúkọ yìí ti di títì.

Lẹ́tà tún bẹ̀rẹ̀, wọ́n lọ́ra ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ẹ̀rọ tún kọ̀.

Fóònù dún. Mátírọ́nù wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé ni.

"Ẹ̀rọ oògùn dà? Gìrì ń mú ọmọ kan lọ́wọ́ mi, n ò mọ ìwọ̀n tí wọ́n fún un láàárọ̀!"

"Ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú díẹ̀, mà."

"Ìṣẹ́jú wo? Ọmọ ọlọ́mọ ni o!"

Ẹ̀rọ oògùn ń dúró lẹ́yìn. Láti ṣí orúkọ tó ti di títì, ó tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Láti pa àlejò iwájú, bọ́tìnnì kan ni.

"Bàbá, òun ni."

"Mo rí i."

"Èmi ni mo tì í mọ́ ìta."

Oníná gbé bírò kalẹ̀. "Gìrì ń mú ọmọ, ìyá mi."

Orúkọ náà wọlé lẹ́ẹ̀kẹta. Ẹ̀rọ kọ̀ ọ́.

"Ẹ má bínú, bọ̀ọ̀dá," obìnrin náà ní. Ó pa á.

Àwọn mẹ́rin jí ní kíákíá. Mátírọ́nù rí ìwọ̀n oògùn. Ọmọ náà yè.

Àwọn tó ṣe ẹ̀rọ náà wá, wọ́n yẹ ìwé ìṣẹ̀lẹ̀ inú rẹ̀ wò láti òkè délẹ̀. Wọn ò rí nǹkan kan nípa àlejò karùn-ún.

Lọ́jọ́ Ajé, àbúrò gba àṣẹ lọ́wọ́ ọ̀gá, ó sì ṣí orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ padà. Ó fún mi ní ìdí kan ṣoṣo: kò fẹ́ kó tún bá ilẹ̀kùn ní títì.

Wọ́n ti tan ẹ̀rọ náà lẹ́ẹ̀mẹ́rin látìgbà náà. Àlejò mẹ́rin ni onílé ń kà. Orúkọ náà ṣì wà ní ṣíṣí. Ẹnikẹ́ni ò tíì fi wọlé.