Olè Ìwé Ilé ní Ìpọ̀nrí

Adékẹ́mi di okùn báàgì ọkùnrin kan mú níwájú ilé kan. Ọkùnrin náà ń fà á, òun náà ń fà á. Nígbà tí okùn já, ọkùnrin náà fò kọjá gọ́tà, ó gba ẹ̀yìn ìsọ̀ lọ sí ọ̀nà Costain bí ẹni tí iná ń lé. Okùn nìkan ló kù lọ́wọ́ Adékẹ́mi, pẹ̀lú káàdì ìdánimọ̀ tó so mọ́ ọn.

Ó yí káàdì náà sójú. Ọ́fíìsì tirẹ̀ gan-an, ti ìjọba ìbílẹ̀, ni wọ́n kọ sí i. Ogún ọdún ló ti ń ṣètọ́jú aráàlú ní ọ́fíìsì yẹn. Kò rí ojú yẹn níbẹ̀ rí.

Ìyá Jọmílójú, opó tó ni ilé náà, ká ọwọ́ lérí lẹ́nu ọ̀nà.

"Àǹtí Kẹ́mi, ìwé ilé mi wà nínú báàgì yẹn! Ó ní ìjọba máa fún àwa tómi wọlé wa ní ilé tuntun. Mo ti tẹ̀ka."

"Ẹ tẹ̀ka sí kí ni, Mà?"

"Mi ò mọ̀. Ó ní ká yára, pé òjò tún ń bọ̀."

Òun ni ẹni kọkànlá tí wọ́n gba ìwé ilé rẹ̀ láàrin ọ̀sẹ̀ méjì. Òjò ò bá ìgbà lọ mọ́. Ó ti rọ̀ lóṣù tí kò yẹ, kánáàlì kún, ó wọlé tọ àwọn èèyàn. Ẹni tómi lé síta kì í ráyè ka ìwé tó fẹ́ tẹ̀ka sí. Bí ìwé yẹn bá dé ọwọ́ àwọn tó fẹ́ gba ilẹ̀ àdúgbò náà, Ìyá Jọmílójú ò níbi tí yóò padà sí.

Adékẹ́mi lọ bá Jude, tó ń bójú tó aláìní ní ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n ránṣẹ́ pe Aneesah, tó ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà fún ẹgbẹ́ obìnrin mọ́ṣáláṣí. Adékẹ́mi gbé káàdì sórí tábìlì.

Aneesah wo àwòrán inú rẹ̀. "Ṣé kì í ṣe èèyàn yín ni? Mo máa ń kí i lọ́nà."

"Èmi rò pé tiyín ni," Jude wí.

"Ẹ kú iṣẹ́," Adékẹ́mi wí. "Olè lẹ ń kí."

"Ẹ̀yin ń sọ ti kíkí," Jude wí jẹ́jẹ́. "Èmi yá a ní agbòòrùn."

Ọdún kẹta rèé tí wọ́n ti ń sọ pé àwọn yóò jọ jókòó lórí ọ̀rọ̀ omi. Wọn ò jókòó. Oníkálukú ń lẹ orúkọ àwọn tó fẹ́ ràn lọ́wọ́ mọ́ ògiri tirẹ̀. Lọ́jọ́ náà, wọ́n tẹ́ ìwé orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀, wọ́n ń fi ìka tọ orúkọ kọ̀ọ̀kan. Ilé mọ́kànlá tí olè náà wọ̀, kò sí ọ̀kan tó wà nínú ìwé méjì.

"Ògiri wa ló ń kà," Adékẹ́mi wí. "Ilé tẹ́nì kan ṣoṣo mọ̀ ló ń lọ."

Ilé kan tí olè náà kò tíì wọ̀ wà láàrin àwọn mọ́kànlá náà, ilé Edith, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì. Láìsí ilé yẹn, ilẹ̀ tí wọ́n fẹ́ gbà náà ò pé. Edith gbà kí ṣọ́ọ̀ṣì lẹ orúkọ òun mọ́ ògiri, kí olè náà lè wá.

Ní ọjọ́ kẹta, ní aago mẹ́wàá àárọ̀, ọkùnrin náà kan ilẹ̀kùn.

"Ṣé ṣọ́ọ̀ṣì ló rán yín?" Edith bi í.

"Rárá, Mà. Ìjọba ìbílẹ̀ ni."

Adékẹ́mi jáde láti yàrá. "Èmi ni ìjọba ìbílẹ̀."

"Mọ́ṣáláṣí nìyí," Aneesah wí lẹ́yìn rẹ̀.

Jude fara ti ilẹ̀kùn. "Ṣọ́ọ̀ṣì rèé. Agbòòrùn mi dà?"

Ọkùnrin náà bẹ́ gba ojú fèrèsé. Ẹrẹ̀ gbé e dé orúnkún. Bàtà kan bọ́, ó tún sáré, ó ṣubú. Gbogbo àdúgbò ti tú síta.

"Ẹ fi mí sílẹ̀! Mo mọ èèyàn o! Ẹ máa kábàámọ̀!"

"Àwa náà mọ èèyàn," Adékẹ́mi wí. "Àwọn ló yí ẹ ká yẹn."

Ní àgọ́ ọlọ́pàá, ọ̀gá ibẹ̀ ò fi àkókò ṣòfò.

"Orúkọ ẹ?"

"Ọlápàdé."

"Ìwé dà?"

Ọlápàdé bẹ̀rẹ̀ sí í nu ẹrẹ̀ kúrò lẹ́sẹ̀.

"Mo ní ìwé dà?"

"Ó wà ní Sábó. Ní ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ṣe káàdì."

Ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀, ó sì dárúkọ ẹni tó fẹ́ ilẹ̀ náà, tó bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́. Lẹ́yìn náà ó wo àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó rẹ́rìn-ín.

"Bómi bá gbẹ, ẹ ó tún tú ká. Mo mọ̀ yín."

"Omi ò ní gbẹ," Adékẹ́mi wí. "Àwa náà ò ní tú ká."

Ìwé mọ́kọ̀ọ̀kànlá ni wọ́n bá ní Sábó. Àwọn ọlọ́pàá mú ẹni tó bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́ lọ́jọ́ kejì. Nígbà tí Ìyá Jọmílójú gba tirẹ̀, ó jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó gbé ìwé náà lé itan. Àwọn òṣìṣẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ya ìwé orúkọ wọn kúrò lára ògiri, wọ́n kọ ẹyọ kan.

Omi ṣì wà nínú ilé mẹ́rin ní Ìpọ̀nrí.