Oníbàárà Orí Àga Ẹ̀gbẹ́ Fèrèsé

Mo jáde láti yàrá tí a ti ń lọṣọ lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo bá ìyá mi nínú ṣọ́ọ̀bù wa níbi tó ti ń wọn èjìká ẹni tí kò sí. Ó dúró síwájú àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó fi ètè há abẹ́rẹ́, ó na téèpù sínú afẹ́fẹ́. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má mira," ló ń wí fún àga òfìfo.

Ẹ̀rù ò bà mí. Ká má parọ́, ohun tó ṣe mí ni pé mo fẹ́ mọ̀. Láti kékeré ni ìyá mi ti ń pè mí ní Ojúmìító, torí pé bí ìkòkò bá wà lórí iná, èmi ni n óò kọ́kọ́ ṣí i wò. Iṣẹ́ aṣọ rírán ni ìyá mi ń ṣe, òun náà ló kọ́ mi, èmi ni mo sì ń bá a ṣe ihò bọ́tìnnì àti ìṣẹ́tí.

"Màmá, ta lẹ ń wọ̀n?"

"Oníbàárà ni. Rọra sọ̀rọ̀, wọn kì í fẹ́ ariwo."

"Kí lorúkọ wọn?"

"Wọn kì í sọ̀rọ̀." Ó wò mí bíi pé orí tèmi ló dàrú. "Ṣé o ò rí bí wọ́n ṣe jókòó ni? Èjìká òsì wọn rẹlẹ̀ ju ọ̀tún lọ. Àwọn tó ti ń ránṣọ fún wọn tẹ́lẹ̀ ò kíyè sí i."

Mo wo tìmùtìmù àga náà. Àárín rẹ̀ jìn wọnú, àfi bíi pé ẹnìkan wà lórí rẹ̀. Tìmùtìmù àtijọ́ ni, mo sọ bẹ́ẹ̀ fún ara mi.

Ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta kan tí ìyá mi ti ń gbàgbé nǹkan. A á wá àlùmọ́gàjí títí, inú ìkòkò ìrẹsì la ó ti rí i. Á jẹun tán, á ní ẹnu òun ò kan nǹkan kan látàárọ̀. A ní ogbó ló dé, pé ó ti ń ṣarán, a sì ń fi í rẹ́rìn-ín díẹ̀, òun náà á bá wa rẹ́rìn-ín. Àmọ́ ti oníbàárà yìí kò ṣeé fi rẹ́rìn-ín. Ojoojúmọ́ ló ń wọ̀n ọ́n. Lọ́jọ́ kan mo yọ́ lọ sẹ́yìn rẹ̀, mo fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ibi tí àtàǹpàkò rẹ̀ dúró sí lórí téèpù. Lọ́jọ́ kejì mo tún yọ́ lọ. Ibẹ̀ náà ló dúró sí, kò yẹ̀ rárá. Orí mi wú. Obìnrin tí kò rántí oúnjẹ àárọ̀ ló ń rántí ìwọ̀n yìí!

Kò pẹ́ tó fi rán ẹ̀wù náà tán. Bùrọ̀dá mi, tó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù, dé láti ìrìn àjò, ó bá a lára ìkọ́, ó sì fi ṣeré wọ̀ ọ́. Bùrọ̀dá mi ga, ó sì sígbọnlẹ̀, àmọ́ ṣe ni ẹ̀wù náà gbé e mì. Apá rẹ̀ bo ọwọ́ mọ́lẹ̀. Èjìká òsì ẹ̀wù náà rẹlẹ̀ ju ọ̀tún lọ. Ẹ̀rín kúrò lójú bùrọ̀dá mi, ó tètè bọ́ ọ.

"Ta ló tóbi tó báyìí ládùúgbò yìí?" ó bi mí.

"Kò sí."

Ó fà mí jáde síta, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ogbó mọ́. Lópin ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, mò ń gbé màmá lọ sílé àdúrà kan tí wọ́n á ti fi ààwẹ̀ lé nǹkan yìí lọ. Àwọn ará ibẹ̀ ní àwọn lè so wọ́n mọ́lẹ̀ fúngbà díẹ̀."

"So ta mọ́lẹ̀?"

"Ìwọ, ṣé o mọ ohun tó ń ṣe wọ́n ni?"

"Mi ò mọ̀. Ẹ jẹ́ n wádìí ẹ̀. Àrùn là á wò, a kì í wo ikú."

"Kó o máa wádìí títí dìgbà wo? Títí wọn ò fi ní mọ̀ wá mọ́?"

Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi lọ́kàn, torí ohun tó ń bà mí lẹ́rù gan-an nìyẹn. Mo lè tọ́jú ìyá tó ń gbàgbé oúnjẹ. Èyí tó máa wò mí lójú tí kò ní mọ̀ mí, mi ò mọ bí n óò ṣe gbé e.

Mo gbé ìyá mi lọ sọ́dọ̀ dókítà ilé ìwòsàn àdúgbò lọ́jọ́ kejì. Ó fún wa ní oògùn tí kò ní jẹ́ kó máa rí ohun tí kò sí mọ́. Kí ilẹ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé e tó ṣú, ara ìyá mi ti le gbagidi, kò lè gbé síbí dé ẹnu. Mo ní kí bùrọ̀dá mi fi ọkọ̀ gbé wa padà síbẹ̀. Inú ń bí mi débi pé mi ò kí dókítà náà. Kò bá mi jiyàn.

"Ẹ dá oògùn yẹn dúró," ó ní. "Ọ̀rọ̀ yìí ju agbára mi lọ. Dókítà tó mọ̀ nípa ọpọlọ àti iṣan lẹ máa rí, àwọn tí wọ́n ń pè ní niurọ́lọ́jíìsì. Ọ̀kan wà ní ilé ìwòsàn ńlá."

"Ṣé dókítà wèrè nìyẹn?" bùrọ̀dá mi béèrè.

"Rárá. Tìyẹn yàtọ̀."

Obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan ni dókítà ọpọlọ náà, ohùn rẹ̀ ò sì ju ti ẹni tó ń rẹ ọmọ sùn lọ. Ó ní kí ìyá mi rìn lọ rìn bọ̀. Ó ní kó ya ojú aago. Ìyá mi yà á, gbogbo nọ́ńbà fún pọ̀ sápá kan, apá kejì ṣófo. Ó wá gbójú sókè, ó wo dókítà láyà. "Bọ́tìnnì yín ti fẹ́ já," ó ní. Dókítà rẹ́rìn-ín, ó kọjú sí mi.

"Ṣé wọ́n máa ń pariwo, tí wọ́n ń ta ẹsẹ̀, bí wọ́n bá ń sùn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ṣé orí wọn máa ń pé nígbà míì, kó tó tún dàrú?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Àwọn tí wọ́n ń rí, ṣé wọn kì í sọ̀rọ̀?"

Mo wò ó. "Ta ló sọ fún yín?"

"Kò sẹ́ni tó sọ fún mi. Bí àìsàn náà ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Àrùn ìgbàgbé kì í ṣe oríṣi kan ṣoṣo. Nínú èyí, ọpọlọ máa ń ya àwòrán ohun tí kò sí níwájú ojú. Kì í ṣe ẹ̀mí àìrí, kì í sì í ṣe wèrè. Oògùn ò lè wò ó tán, àmọ́ ó lè mú un rọlẹ̀. Ẹ jẹ́ kí iná mọ́lẹ̀ dáadáa nínú yàrá, ẹ má bá wọn jiyàn. Ẹ má sì jẹ́ kẹ́nikẹ́ni so wọ́n mọ́lẹ̀." Bùrọ̀dá mi, tó bá wa wá, ń wo ilẹ̀.

Mo sọ ọ̀rọ̀ téèpù àti ẹ̀wù náà fún un, mo bi í pé kí ló dé tí ìwọ̀n náà kì í yẹ̀.

"Ọwọ́ tó ti ṣiṣẹ́ pẹ́ kì í tètè gbàgbé," ó ní. Ó mú bírò, ó kọ oògùn tuntun fún wa. "Ẹni tí ẹ̀wù náà máa bá mu, ìyẹn ni mi ò lè sọ fún yín." Ó wá di ọwọ́ ìyá mi mú. "Màmá, bí ẹ bá ń lo oògùn tuntun yìí, àwọn àlejò yẹn á máa lọ díẹ̀díẹ̀." Ìyá mi mi orí bí ọmọdé tí wọ́n rán níṣẹ́.

Oògùn náà ṣiṣẹ́. Ìyá mi tún bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun, ó ń rántí pé òun jẹun. Bùrọ̀dá mi fi gílóòbù tuntun sí ṣọ́ọ̀bù, kò sì mẹ́nu kan ààwẹ̀ mọ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ìyá mi ní oníbàárà òun ti dìde lọ, látìgbà náà kò sì na téèpù sí àga mọ́. Inú mi dùn débi pé mò ń kọrin nídìí iṣẹ́.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mò ń ṣe ihò bọ́tìnnì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo rí i pé ó ti ń wò mí tipẹ́. Ojú rẹ̀ mọ́ kedere, ó ti pẹ́ tí mo ti rí i bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn.

"Ẹ̀yin náà ò tíì lọ?" ó ní.

"Màmá, èmi nìyí. Ọmọ yín ni."

"Dókítà ní oògùn yẹn á kó gbogbo yín lọ." Kò bínú. Ohùn tó fi ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀ ló fi bá mi sọ̀rọ̀. "Mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ lọ o. Ẹ̀yin nìkan lẹ máa ń dá mi lóhùn."

Mo ju abẹ́rẹ́ sílẹ̀, mo ki ọwọ́ mi bọ ọwọ́ rẹ̀. "Ẹ fọwọ́ kàn mí, Màmá. Ṣé kò gbóná ni?"

Ó tẹ àwọn ìka mi wò lọ́kọ̀ọ̀kan, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń yẹ aṣọ wò kó tó gé e.

"Ó gbóná," ó ní. "Ọwọ́ àwọn tó ti lọ gbóná bẹ́ẹ̀ náà."