Ẹni Tó Máa Bá Bàbá Tọ́ Omi Adìyẹ Wò

Ìsọ̀ bàrà kan wà lójú ọ̀nà Viadana, nílẹ̀ Ítálì. Bí ooru bá ti dé, wọ́n á tẹ́ tábìlì sábẹ́ igi níbẹ̀, àwọn èèyàn á jókòó, wọ́n á sì máa jẹ bàrà olómi títí ikùn wọn á fi le. Ibẹ̀ ni Fosca ti kọ́kọ́ rí Sante. Oje bàrà ti ṣàn dé àyà aṣọ funfun Fosca, ó ń wá nǹkan tó máa fi nù ún, ni Sante tó ń gé bàrà níbẹ̀ bá na aṣọ ìnuwọ́ sí i.

“Ẹ ò bá má tiẹ̀ nù ún,” ni ọkùnrin náà wí. “Ó bá yín mu.”

“Ṣé bí ẹ ṣe máa ń bá gbogbo oníbàárà ṣeré nìyẹn?”

“Rárá o. Àwọn tó bá rẹwà tí wọn ò sì mọ bàrà jẹ nìkan ni.”

Fosca bú sẹ́rìn-ín. Kò mọ ìgbà tó bú sẹ́rìn-ín.

Adelmo, bàbá rẹ̀, dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń fi ìka kan bàrà, ó ń dẹtí sí i. Ẹnu Adelmo kì í ṣe ẹnu lásán ládùúgbò yẹn. Òun ni wọ́n máa ń pè pé kó wá tọ́ wáìnì tuntun wò. Tó bá ní wàràkàṣì kan ò dáa, ẹni tó ṣe é á kàn gbé e padà sílé ni, kò ní bá a jiyàn.

“Ọmọ ibo ni ọ́?” ló bi Sante.

“Ọmọ Gualtieri ni mí, Baba.”

“Òdì kejì odò,” ni Adelmo wí, ó sì gbé bàrà tó ti yàn tẹ́lẹ̀ sílẹ̀.

Odò Po kò fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Èèyàn lè dúró ní bèbè rẹ̀ níhìn-ín kó máa wo aṣọ tí wọ́n sá lọ́hùn-ún. Ṣùgbọ́n àwọn ará ibí ní àwọn ará ọ̀hún ò mọ oúnjẹ sè, àwọn ará ọ̀hún náà ní ahun ni gbogbo ará ibí, kò sì sẹ́ni tó lè sọ ìgbà tí ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Fosca ò bìkítà. Kí ooru ọdún náà tó kásẹ̀ nílẹ̀, ìfẹ́ Sante ti wọ̀ ọ́ lára, kò sì fẹ́ kó jáde.

Nígbà Kérésì, ó mú un wálé. Nílé Adelmo, bíi ti ọ̀pọ̀ ilé ní ọ̀dọ̀ wọn, kò sí àjọ̀dún tí kò ní agnolini, ìyẹn ìyẹ̀fun tí wọ́n fi wé ẹran wínníwínní tí wọ́n sì sè sínú omi adìyẹ. Kí ẹnikẹ́ni tó jẹ ẹ́, baálé ilé á bu omi adìyẹ gbígbóná sínú abọ́, á da wáìnì pupa sí i, á dìde, á kẹ̀yìn sí tábìlì, á sì mu ún lóòró. Àwọn baba wọn ló ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin tí baálé bá da wáìnì sínú abọ́ rẹ̀ náà, tó ní kó dìde wá dúró ti òun, ó ti di ọmọ ilé nìyẹn.

Lọ́jọ́ náà, Adelmo da wáìnì sí tirẹ̀. Lẹ́yìn náà ló dé ìgò, níwájú Sante báyìí.

Ilẹ̀ fẹ́ lanu gbé Fosca mì. Ìyá rẹ̀, Ilde, ló dìde, ó bu omi adìyẹ láti inú abọ́ tirẹ̀ sínú ti Sante.

“Mu èyí ná, ọmọ mi,” ló wí. “Wáìnì á dé tó bá yá.”

Wáìnì kò dé. Kí òtútù tó lọ, àìsàn ti mú Ilde lọ. Lórí ibùsùn, nígbà tí ohùn rẹ̀ ti ń di kékeré, ó di ọwọ́ ọkọ rẹ̀ mú lójú gbogbo wọn, ó ní, “Jẹ́ kí ọmọ yìí fẹ́ Sante. Àmọ́ omi adìyẹ ìgbéyàwó rẹ̀, ìwọ ni kí o tọ́ ọ wò, ìwọ ni kí o yàn án. Má jẹ́ kí wọ́n fi omi gbígbóná gbé ọmọ mi níyàwó.” Adelmo ṣèlérí.

Ìdí nìyẹn tí àwọn mẹ́rin fi há sínú mọ́tò lọ́jọ́ tí oòrùn ń yọ́ ọ̀dà ojú títì: Sante ló ń wà á, Adelmo jókòó níwájú bí òkúta, Fosca àti Àǹtí Norma, ẹ̀gbọ́n Adelmo, wà lẹ́yìn. Wọ́n ń lọ láti ìlú dé ìlú láti tọ́ oúnjẹ ìgbéyàwó wò. Wọ́n ti sọ ọjọ́ fún àlùfáà. Bó bá sì di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, àwọn ilé oúnjẹ á tì fún ìsinmi ooru, nígbà tí wọ́n bá fi máa ṣí, ẹlòmíì á ti gba ọjọ́ náà. Tí Adelmo ò bá yan ibì kankan lónìí, kò sí ìgbéyàwó. Fosca mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó sì dá a lójú pé bàbá òun náà mọ̀ bẹ́ẹ̀ dáadáa.

“Ẹ ti fèrèsé yẹn!” Àǹtí Norma pariwo. “Òógùn wà lọ́rùn mi, afẹ́fẹ́ á gbá mi!”

“Norma, ṣé kí wọ́n sè wá nínú mọ́tò ni?” Adelmo dáhùn.

“Kí wọ́n sè mí! Ó sàn ju kí ọrùn mi gan lọ.”

Wọ́n ti fèrèsé.

Ní Sabbioneta, wọ́n jẹ ẹran ẹlẹ́dẹ̀ gbígbẹ, wọ́n jẹ búrẹ́dì, agnolini sì dé, èéfín ń rú lórí rẹ̀ nínú ooru yẹn. Adelmo da wáìnì sí tirẹ̀, ó dìde, ó kọjú sí ògiri, ó mu ún.

“Omi lásán,” ló wí.

Ojú onílé oúnjẹ náà fà ro. Fosca wo abọ́ tirẹ̀. Lẹ́nu tòun, ó dùn.

Ní Pomponesco, inú yàrá tí fáànù wà ni wọ́n jókòó sí. Ìjà bẹ̀rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Àǹtí Norma ní kí wọ́n pa fáànù, àwọn tó wà ní tábìlì kejì ní wọn ò ní pa á, Fosca sì ń bẹ̀ wọ́n lápá ọ̀tún, ó ń bẹ̀ wọ́n lápá òsì. Bó ṣe yíjú padà, ó rí Sante tó sáré gbé àwo kékeré kan kúrò níwájú Adelmo tó sì gbé e sórí tábìlì míì. Ó rò pé ó kàn ń ṣètò tábìlì ni. Ilẹ̀ ni Sante ń wò.

“Èyí náà ò ládùn,” ni Adelmo wí.

“Bàámi, ẹ tún un tọ́ wò.”

“Mo ti tọ́ ọ wò.”

Ó wá ku ilé oúnjẹ kan ṣoṣo, òdì kejì odò ló sì wà, ní Gualtieri, nílùú Sante. Bí wọ́n ṣe gun afárá, Adelmo di ojú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé ojúde ńlá ìlú náà, ó kọ̀, kò sọ̀ kalẹ̀.

“Baba, ẹ jọ̀ọ́,” Sante bẹ̀ ẹ́ lẹ́nu ilẹ̀kùn mọ́tò. “Tí kò bá dáa, ẹ sọ pé kò dáa. Àmọ́ ẹ sọ̀ kalẹ̀.”

Ó pẹ́ kó tó sọ̀. Wọ́n gbé omi adìyẹ wá. Àǹtí Norma fi ṣíbí bu díẹ̀, ó mu ún, ó sì rọra gbé ṣíbí sílẹ̀. Omi ti kún ojú rẹ̀.

“Adelmo,” ló wí, “ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ti Ilde.”

Adelmo dìde, ó kẹ̀yìn sí wọn, ó gbé abọ́ tirẹ̀ sẹ́nu. Ó mu ún tán pátápátá. Ó gbé abọ́ náà kalẹ̀.

“Òun kọ́,” ló wí, ó sì jáde.

Fosca sáré tẹ̀ lé e dé inú oòrùn. Gbogbo ohun tó ti ń gbé mì láti Kérésì ló jáde lẹ́ẹ̀kan náà.

“Kì í ṣe omi adìyẹ lẹ ń kọ̀! Sante lẹ ń kọ̀! Ìyá mi ti kú, ẹ wá ń fi ọ̀rọ̀ ẹnu wọn sé mi mọ́lé!”

“Fosca…”

“Ẹ fẹ́ kí n jókòó tì yín títí n ó fi darúgbó. Ó dáa. Mo máa fẹ́ ẹ láìsí yín. Mo máa fi búrẹ́dì àti omi ṣe ìgbéyàwó mi, ẹ ò sì ní sí níbẹ̀!”

Sante ló di apá Fosca mú.

“Olólùfẹ́ mi, ó tó. Má sọ jù bẹ́ẹ̀.”

“Ẹ̀yìn wọn lo wà?”

“Ẹ̀yìn rẹ ni mo wà. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kó tó.”

Inú bí Fosca sí òun náà. Wọ́n gun afárá padà. Àǹtí Norma fúnra rẹ̀ ló ṣí fèrèsé.

Nígbà tí wọ́n dé ìsọ̀ bàrà ojú ọ̀nà Viadana, Àǹtí Norma ní òùngbẹ fẹ́ pa òun, wọ́n gbọ́dọ̀ dúró. Wọ́n jókòó sábẹ́ igi àtijọ́ yẹn. Ọmọbìnrin kan tí Fosca ò mọ̀ rí gé bàrà fún wọn, ó sì sáré padà sídìí èrò tó pọ̀ níwájú rẹ̀. Fosca bu ún jẹ, ó sì tu ú sílẹ̀. Bàrà náà ti kan. Ooru ti sè é látinú wá, ó ń rùn bí ọtí. Àǹtí Norma náà tu tirẹ̀ sínú aṣọ ìnuwọ́.

“Májèlé rèé!”

Adelmo ò gbọ́. Ó ń jẹ tirẹ̀ lọ ní tirẹ̀, ó ń tu kóró sọ́wọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó fẹ́ parí ìjà, ó rẹ́rìn-ín músẹ́ sí ọmọ rẹ̀.

“Èyí dára,” ló wí. “Ó dùn bí oyin.”

Ara Fosca tutù nínú ooru yẹn. Ẹni tó ń dẹtí sí bàrà kó tó rà á! Ó wo Sante. Sante ò wò ó, ilẹ̀ ló ń wò, bó ṣe wo ilẹ̀ ní Pomponesco.

“O mọ̀,” ló wí fún un ní ohùn kékeré.

“Láti Pomponesco. Ṣúgà inú àwo kékeré yẹn ni Baba bù sínú omi adìyẹ, wọ́n rò pé wàràkàṣì tí wọ́n rin ni. Wọ́n mu ún tán.”

“Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?”

“Àṣírí wọn ni, Fosca. Kì í ṣe tèmi láti tú.”

Adelmo wo bàrà tí àwọn yòókù tu sílẹ̀, ó sì yé e. Ó gbé tirẹ̀ kalẹ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu, bí ẹni pé ẹnu náà ló jí nǹkan.

“Láti ọjọ́ tí a ti sin ìyá rẹ ni,” ló wí. “Gbogbo ohun tí mo bá jẹ, bí ìwé ló ń rí lẹ́nu mi. Mo rò pé ó máa padà. Láàárọ̀ yìí mo tún gbàdúrà pé kó padà, fún òní nìkan. Mo ṣèlérí fún ìyá rẹ. Báwo ni mo ṣe fẹ́ yàn? Mo bẹ̀rù pé n ó yan omi gbígbóná fún ọ.”

“Bàámi.” Fosca di apá rẹ̀ mú. “Ẹ dárí jì mí. Ohun tí mo sọ…”

“Ó burú,” ni Adelmo wí. “Àmọ́ èmi náà burú sí ọmọkùnrin yìí.” Ó dìde, ó nu ọwọ́. “Ìwọ ará òdì kejì! Yí mọ́tò padà.”

Alásè Gualtieri ti ń nu tábìlì nígbà tó rí wọn, inú rẹ̀ ò sì dùn. Síbẹ̀, ó gbé omi adìyẹ tó kù kaná. Adelmo bu ú sí abọ́ méjì. Ó ṣí wáìnì, ó dà á sí tirẹ̀. Lẹ́yìn náà ló da ìyókù sínú abọ́ Sante, tí ó fi kún dé etí.

“Dìde,” ló wí. “O mu ti Ilde lọ́jọ́ Kérésì. Ìwọ lo máa tọ́ ọ wò. Má sì purọ́ fún mi.”

Sante dìde, ó kẹ̀yìn sí tábìlì, ó mu díẹ̀. Fosca di ọwọ́ Àǹtí Norma mú. Ọ̀rọ̀ kékeré kan ló kù, irọ́ kékeré kan, gbogbo rẹ̀ á sì parí.

“Kò tó ti Màmá, Baba,” ni Sante wí. “Tiwọn nípọn jù ú lọ.”

Alásè ṣépè lábẹ́nu. Adelmo mi orí rẹ̀ lọ́ra-lọ́ra.

“Ká ní o sọ pé ọ̀kan náà ni, ilé ni ǹ bá gbà lọ. Àmọ́ ṣé ó dára?”

“Ó dára gan-an. Nínú gbogbo èyí tí a mu lónìí, òun ló sún mọ́ tiwọn jù.”

“Kí wọ́n kọ orúkọ wa sílẹ̀, ibí ni a mú,” ni Adelmo wí fún alásè.

Òun náà wá dúró ti Sante, àwọn méjèèjì kọjú sí ògiri. Ó gbé abọ́ rẹ̀ sẹ́nu, ó mu ún, ó dúró.

“Ẹnu mi ò gbọ́ nǹkan kan,” ló wí. “Bá mi sọ bó ṣe rí.”

“Iyọ̀ ló kọ́kọ́ dé, Baba. Adìyẹ ló tẹ̀ lé e. Wáìnì ló dé gbẹ̀yìn, ó kan díẹ̀ lọ́nà ọ̀fun.”

“Bẹ́ẹ̀ ni. Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Sọ ọ́ lọ.”

Ẹ̀yìn wọn nìkan ni Fosca ń rí, òógùn ti lẹ aṣọ mọ́ àwọn méjèèjì lára. Èjìká bàbá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Sante ò yíjú wò ó. Ó gbé abọ́ rẹ̀ sẹ́nu lẹ́ẹ̀kan sí i, ó sì ń bá ọ̀rọ̀ náà lọ.